Lutgart àti Àga Ẹnu Ọ̀nà

Ìró àkọ́kọ́ tó kù lọ́kàn Lutgart Verhaeghen láti ìgbà èwe ni ìró bébà tó ń ya: fàà, fàà, fàà, kò yára, kò sì falẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Abẹ́ tábìlì ló jókòó sí, láàárín bàtà ìyá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ àga, lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ ní Wannelare, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Yúróòpù. Zulma ìyá rẹ̀ ló ń ya tíkẹ́ẹ̀tì lókè: aláwọ̀ búlúù fún ìṣáwùrú òkun, aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ fún kéèkì, yẹ́lò fún bíà. Bàtà ń kọjá níwájú ọmọ náà, bàtà àwọn àgbẹ̀, bàtà olùkọ́, bàtà àlùfáà, gbogbo wọn sì ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Kò sí ẹsẹ̀ tó lè wọlé láìdúró níwájú ìyá rẹ̀. Ohun tí Lutgart kọ́kọ́ mọ̀ nípa ayé nìyẹn: pé gbogbo ìlú lè dúró níwájú ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹni náà sì jẹ́ ìyá ẹni.

Ẹgbẹ́ onífèrè ìlú ló ń ṣe àsè ìṣáwùrú náà lọ́dọọdún, ní Sátidé àti Sọ́ńdè kejì oṣù kẹwàá. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra fèrè àti aṣọ ẹgbẹ́. Rozane, ẹ̀gbọ́n Lutgart, wọ ẹgbẹ́ náà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n gbé fèrè idẹ lé e lọ́wọ́. Nígbà tó kan Lutgart, olùkọ́ fèrè gbá a lágbọ̀n mú, ó wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹnu ẹṣin lọ́jà, ó ní ètè ọmọ yìí ti tín-ín-rín jù, kò lè gba afẹ́fẹ́ dúró. Ó fún un ní irin onígun mẹ́ta kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré lù. Ọmọ náà dá irin padà sórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, bí ẹgbẹ́ bá ń yan káàkiri ìlú lọ́jọ́ ọdún, Lutgart á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wú tó ń fọn, nǹkan kan á sì máa ta á nínú bí ẹ̀gún ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun.

Ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun kápẹ́ẹ̀tì létí odò Leie. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọwọ́ pa kápẹ́ẹ̀tì láti òpin dé òpin, kó wá ibi tí okùn ti sọnù, kó fi abẹ́rẹ́ dí i. Kò lọ́kọ. Ẹnì kan wá lẹ́ẹ̀kan, ó tún lọ. Ní ọdún 1991, orúnkún Zulma kọ̀ láti tẹ̀, ọmọ sì jókòó sí àga ìyá.

Ẹni tí kò bá gbé Wannelare lè rò pé títa tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà kò ju títa tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n Lutgart kì í béèrè ohun tí ènìyàn fẹ́. Bí ẹbí kan bá ti yọ lójú ọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì wọn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé iwájú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyàwó olùtọ́jú odò kò fẹ́ gbóòórùn ìṣáwùrú láti ìgbà tó lóyún àkọ́bí rẹ̀, ọbẹ̀ ẹran tí a fi bíà sè ni tirẹ̀. Ó mọ ẹni tí dókítà ní kó má mu bíà mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ẹni náà kì í sì í pọ̀, kò ní sọ nǹkan kan, ẹni náà kò sì ní jiyàn. Ó mọ ẹni tó yẹ kó fún ní kéèkì méjì nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ń lọ sílé fún ìyá tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọjọ́ méjì péré nínú ọdún ni. Ọjọ́ ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún àti mẹ́ta tó kù, ó fi ń dúró dè é ni.

Lẹ́yìn náà ni Annick dé.

Ará ìlú Aalst ni, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ọkọ rẹ̀ ló ń lu ìlù ńlá. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn oníṣirò owó, ó bí ọmọ mẹ́ta, irun rẹ̀ ń tàn, ó ń fọn fèrè sasofóònù. Ètè rẹ̀ kò tín-ín-rín. Láàárín ọdún méjì tí wọ́n kó dé, wọ́n ti fi í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́, àwọn ènìyàn sì ń dúró bá a sọ̀rọ̀ lójú pópó bí ẹni pé inú ìlú ni wọ́n ti jọ bí wọn. Lutgart náà ń dá a lóhùn dáadáa. Bó bá délé, á máa ka ohun tí obìnrin náà ní, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí kọfí rẹ̀ á fi tutù.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ìgbìmọ̀ jókòó ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́rin ni wọ́n: Firmin alága, bàbá tó fọn fèrè títí eyín rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Odiel alápatà, tó jẹ́ akápò, Lutgart, àti Annick. Annick ní òun dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́dún tó kọjá, òun rí àwọn mọ́kàndínlógún tí kò ní owó lọ́wọ́, tí wọ́n lọ wá ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fa owó. Mọ́kànlá nínú wọn kò padà wá. Báǹkì sì ti yọ ẹ̀rọ owó kan ṣoṣo tó kù nílùú kúrò lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ó wá yọ nǹkan kékeré kan jáde nínú báàgì, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, ó gbé e kalẹ̀ láàárín ife bíà wọn. Ó ní ẹ̀rọ káàdì nìyẹn.

Odiel bi í pé èló ni wọ́n á máa yọ nínú owó ẹgbẹ́. Annick ní kò tó nǹkan mọ́, pé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òfin Yúróòpù ti fi ìdérí dé owó tí àwọn báǹkì ń gbà lọ́wọ́ ara wọn lórí káàdì. Odiel ní bó tilẹ̀ kéré, kí ẹni tó fẹ́ lo káàdì ru ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí òun ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù òun: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi káàdì ra ẹran tí kò tó yúrò mẹ́wàá, á fi àádọ́ta sẹ́ńtì lé e. Ìwé rẹ̀ wà lára gíláàsì níbẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Annick rẹ́rìn-ín. “Ẹ óò já ìwé yẹn sọnù o, Ọ̀gá Odiel. Láti oṣù kẹjọ, ẹ ò lè bu owó lé oníbàárà torí pé káàdì ló fi sanwó. Òfin Brussels ni, ìjọba tiwa náà sì ti gbà á wọlé.”

“Brussels,” ni Odiel wí. “Kí wọ́n wá bá mi dúró nídìí ẹran láàárọ̀ Sátidé ná.”

Lutgart gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ òjò lórí òrùlé ẹlòmíràn. Ìka Annick ló ń wò, bó ṣe ń yí ẹ̀rọ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìka tó mọ ojú fèrè. Firmin ní kò burú, tábìlì yóò di méjì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan fún owó, ọ̀kan fún káàdì, Lut níbí, Annick lọ́hùn-ún, ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa gba àlejò. Àwọn àgbà Yorùbá ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin kò dénú. Lutgart kò gbọ́ òwe náà rí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ délẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. “Ta ló máa wà lápá ọ̀tún?”

Ọ̀tún ni ènìyàn ń kọ́kọ́ yà sí bó bá wọlé. Ọ̀tún ni àga Zulma wà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn náà. Firmin ronú díẹ̀, ó ní ihò iná mànàmáná apá ọ̀tún ló wà, ẹ̀rọ sì nílò iná. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Wáyà ló lé Lutgart kúrò ní àyè ìyá rẹ̀.

Ní Sátidé, ọjọ́ àkọ́kọ́ àsè, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Òórùn àlùbọ́sà àti ewébẹ̀ sẹ́lẹ́rì ti gba gbogbo ilé. Lutgart to tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lápá òsì, ó tún irun ṣe, ó dúró. Wákàtí àkọ́kọ́ kò burú. Àwọn arúgbó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ìlà apá ọ̀tún ń gùn, ó jáde kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó dé ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Ẹ̀rọ náà ń dún pín-ín, pín-ín. Annick ń bi olúkúlùkù pé mélòó ni, wọ́n ń dá a lóhùn. Kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń jẹ. Ìyàwó olùtọ́jú odò fúnra rẹ̀ ní láti ṣàlàyé lójú gbogbo ènìyàn pé òun kì í jẹ ìṣáwùrú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣàlàyé, kò bínú rárá. Èyí ló dun Lutgart jù. Ó ti rò pé mímọ̀ tí òun mọ̀ wọ́n ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà lọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn náà Gaston wọlé, bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó máa ń kó owó ẹyọ rẹ̀ sínú agolo sìgá. Lutgart ti ya tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀: búlúù kan, yẹ́lò méjì. Gaston yà sí ọ̀tún. Nígbà tí ẹ̀rọ dún, ó yíjú sí òsì, ó gbé káàdì náà sókè bí ọmọ tó ń fi eyín tó já han ìyá rẹ̀.

“Lut, wò ó. Ọmọọmọ mi ló kọ́ mi.”

“Ẹ kú oríire, Bàbá Gaston,” ni Lutgart wí, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó fa tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ti yà sílẹ̀ yẹn wọ inú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán ni wọ́n ń jẹun. Lutgart ti dé gbọ̀ngàn ní agogo mẹ́wàá, ṣáájú gbogbo ènìyàn àfi àwọn tó ń fọ ìṣáwùrú lẹ́yìn. Ó ya páálí lára àpótí kan, ó mú bírò aláwọ̀ dúdú tó fi ń kọ iye oúnjẹ sára pátákó láti ọdún pípẹ́ wá. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: KÁÀDÌ, 50 sẹ́ńtì lé e. Ó fi okùn so ó mọ́ ara ilẹ̀kùn níta, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ yóò ti rí i, tí ẹni tó jókòó nínú ilé kò ní rí i láéláé. Ó wá lọ jókòó.

Ó ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n kà á, wọ́n tẹ àpò wọn wò, wọ́n yà sí òsì. Ẹni tó ní owó bébà tí ó ti ká sínú ìwé ìwakọ̀ láti oṣù méjì yọ ọ́ jáde. Ìlà Lutgart gùn dé ibi kẹ̀kẹ́. Ó ń ya tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń bi wọ́n léèrè ìyá, ó ń bi wọ́n léèrè eegun ìbàdí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ẹwà rẹ̀ padà bí ti ọmọge. Ní Wannelare, ènìyàn kì í bi ẹgbẹ́ léèrè ìdí tí nǹkan fi gbówó lórí. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n san án, wọ́n á san án. Bí kò bá dùn mọ́ wọn, wọ́n á sọ ọ́ nílé fún ara wọn. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó bi Annick ní nǹkan kan. Àwọn méje kan tí owó ẹyọ díẹ̀ nìkan wà lápò wọn fi káàdì san iye tí Annick pè, wọ́n wá rọra fi àádọ́ta sẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì kọjá. Annick rò pé ẹ̀bùn ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó jù ú sínú ìgò tí wọ́n fi ń kó owó fèrè àwọn ọmọdé jọ.

Nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, ó na ọrùn sí òsì. “Àǹtí Lut, kí ló dé tí gbogbo wọn ń sá fún mi lónìí? Àbí ẹnu mi ń rùn ni?”

“Ara ibí ò fẹ́ràn ohun tuntun,” ni Lutgart dá a lóhùn, kò wò ó. “Á mọ́ wọn lára tó bá yá.”

Ní agogo mẹ́ta, ó jáde bí ẹni tó fẹ́ gba atẹ́gùn, ó já páálí náà, ó kán an sí mẹ́rin, ó jù ú sáàárín karahun ìṣáwùrú. Inú rẹ̀ dùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kí n má purọ́ fún yín, kò ronú pé ohun tó ṣe burú. Ó rí i bí ìgbà tí ènìyàn fi abẹ́rẹ́ dí ojú ibi tó ya.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ tán, Firmin pe ìgbìmọ̀ lójijì sí yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí yẹn. Lẹ́tà ti wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọjà títà. Àlejò kan tó wá jẹ ìṣáwùrú ti ya fọ́tò ohun kan lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó sì ti fi ẹjọ́ sùn. Lẹ́tà náà ní òfin kò fàyè gbà á mọ́ pé kí a bu owó lé ẹni tó fi káàdì rẹ̀ sanwó. Pé ìkìlọ̀ ni èyí, kì í ṣe ìtanràn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé padà, kí wọ́n sọ bí ọ̀ràn ṣe jẹ́ àti ohun tí wọ́n ti ṣe sí i. Firmin kà á tán, ó tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì.

Fọ́tò náà mọ́ kedere. Ìkọ̀wé ńláńlá, nọ́ńbà 5 tí orí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Lẹ́yìn orí Firmin, lára ògiri ilé ọtí náà, pátákó iye oúnjẹ àsè ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí lẹ́yìn tí wọ́n gbá gbọ̀ngàn tán, nọ́ńbà 5 mẹ́ta sì wà lójú rẹ̀, orí gbogbo wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ìlú ti ń ka ìkọ̀wé yẹn. Odiel wo fọ́tò, ó wo pátákó, ó gbé ife bíà rẹ̀, ó sì wo inú rẹ̀. Firmin ń nu jígí ojú rẹ̀. Annick fa fọ́tò náà mọ́ra. Lutgart rí i nígbà tí ìtumọ̀ owó ẹyọ méje yẹn wọ Annick lọ́kàn, nítorí pé etí rẹ̀ pọ́n. Nílùú yẹn, bí ohun kan bá ti hàn sí gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó tún ń dárúkọ rẹ̀.

Odiel ló kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó ní, lójú tòun o, ọ̀rọ̀ káàdì ni, ẹni tó wà nídìí káàdì náà sì ni ìjọba á máa wò. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè mọ gbogbo nǹkan tán, ìjọba á gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́.

Annick fi ọwọ́ pa fọ́tò náà títí ó fi tẹ́. Ó wò ó pẹ́. “Ó dáa,” ló wí. “Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni. Èmi náà ni màá kọ lẹ́tà ọ̀hún, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀. Màá ní mi ò tètè ka òfin dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò wo apá ibi tí Lutgart jókòó sí. Firmin mí kanlẹ̀. Odiel mi orí, ara tù ú. Ó ti parí nìyẹn; Lutgart kò ní láti ṣe ju kó dákẹ́ lọ, kó gbé ife rẹ̀, kó padà sí àga rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ru sókè nínú rẹ̀ kì í ṣe ìtìjú, kì í sì í ṣe ọpẹ́. Owú náà ni. Ó wo obìnrin náà, irun tó ń tàn, etí tó pọ́n, ó rò ó pé èyí náà tún nìyí. Ó ní fèrè, ó ní ọkọ, ó ní ọmọ, ó gba apá ọ̀tún. Nísinsìnyí ó fẹ́ mú ẹ̀ṣẹ̀ mi pàápàá, kó gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù tuntun, kí gbogbo ìlú máa sọ bó ṣe bá a mu. Láti òní lọ, ìgbàkígbà tí mo bá ya tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn mẹ́ta yìí á mọ̀ pé Annick ló fún mi láàyè láti yà á.

“Èmi ni mo kọ ọ́,” ló wí.

Firmin ní, “Lut, kò pọn dandan ká—”

“Ìkọ̀wé mi nìyẹn, ẹ sì ti mọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti yọ ọ́ síta. Ẹ má wo inú bíà mọ́, Odiel, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Ó yíjú sí Annick. “Ta ló rán ọ? Ẹ̀bi mi, tèmi ni. Ohun tó o ní ti pọ̀ tó.”

Firmin bi Lutgart, tìṣọ́ratìṣọ́ra, ìdí tó fi ṣe é. Lutgart wá ọ̀rọ̀ tó tóbi, kò rí i.

“Mo fẹ́ kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi.”

Odiel ló ní, “Àádọ́ta sẹ́ńtì, Lut. O mà ta ara ẹ lọ́pọ̀ o.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ìwé ara gíláàsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kúrò, òórùn omi ọṣẹ nìkan ló kù níbẹ̀.

Firmin gbìyànjú. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ kí tábìlì jẹ́ ọ̀kan, kí owó àti káàdì wà lórí rẹ̀ pọ̀, kí àwọn méjèèjì jókòó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lutgart ní rárá o. Ó ní bí ènìyàn bá ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdajì àga, kó kúkú dìde. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì dìde.

Annick sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Òjò winniwinni ń rọ̀ sórí òkúta ojúde ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Àǹtí Lut, mi ò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń jẹ. Mo máa ń rí yín, tíkẹ́ẹ̀tì á ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Èmi ń bi wọ́n bí ọlọ́pàá tó ń fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò. Ojú máa ń tì mí. Ẹ kọ́ mi.”

Lutgart kò tíì ronú rí pé obìnrin yìí lè wo apá òsì pẹ̀lú ojú bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó wò ó, ó rí i pé òtítọ́ ló ń sọ. Adùn kan yọ́ wọ inú rẹ̀, kíún, bí oyin tó kán sórí egbò. Ó mọ irú ojú tó rí yẹn dáadáa. Ojú tirẹ̀ ni, lẹ́bàá ọ̀nà, nígbà tí ẹgbẹ́ ń yan lọ.

“Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọ,” ló wí. “Ìwọ náà bẹ̀rẹ̀.” Ó sì ṣí agbòjò rẹ̀.

Àmọ́ ènìyàn kì í fi ọwọ́ méjèèjì di ohun tó mọ̀ mú títí láé. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, nígbà tí ojú ọjọ́ ti ń là, Lutgart jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ewé mẹ́ta: ilé, orúkọ, ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí wọn kò gbọdọ̀ mu, ẹni tí a kò gbọdọ̀ bi léèrè ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó lọ jù ú sínú àpótí lẹ́tà Annick nígbà tó mọ̀ pé kò sí nílé. Orúkọ àwọn ilé márùn-ún kan kò sí nínú rẹ̀. Kò gbàgbé wọn. Ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni.

Nígbà tí oṣù kẹwàá tún dé, wọ́n rí i láàárín àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná gbọ̀ngàn, ó wọ bàtà rọ́bà, ó ń gé sẹ́lẹ́rì. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Wọ́n sún àpótí ìjókòó fún un, wọ́n fún un ní ọ̀bẹ, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ nípa ìbàdí àti àna. Láti ibẹ̀, ó lè gbọ́ ẹnu ọ̀nà bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ní agogo márùn-ún, ó gbọ́ ohùn Annick. Kò gbọ́ kó béèrè pé mélòó ni. Ó gbọ́ orúkọ ẹnì kan, ó gbọ́ pé ọbẹ̀ ẹran ni tiyín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì gbọ́ ẹ̀rín ẹni náà, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n mọ̀. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gún náà ta á, níbi tó ti máa ń ta á láti ìgbà èwe.

Ó pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn tún ṣí. Ẹlòmíràn wọlé, Annick sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká fún yín?” Lutgart mọ ohùn tó dáhùn. Ilé karùn-ún nínú márùn-ún tó fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni. Ó tẹ ètè rẹ̀ tín-ín-rín pọ̀, ó sì ń gé nǹkan lọ.

Ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn orin ìkínni níwájú, àwọn obìnrin nu ọwọ́ wọn, wọ́n jáde lọ wò ó. Wọ́n pè é, ó ní òun ń bọ̀. Àpótí sẹ́lẹ́rì kan ṣoṣo ló kù. Ó fà á sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gé ìdí rẹ̀ kúrò, ó fọ iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ lábẹ́ omi tó tutù tí ìka rẹ̀ fi pọ́n, ó tò ó sórí pátákó, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ọ̀kan bí ọ̀kan, títí àpótí náà fi ṣófo. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, ó fọ ọ̀bẹ, ó nù ún, ó fi í sí àyè rẹ̀.